Oògùn Ojú àti Etí Tó Ní Sítẹ́rọ́ìdì Nínú: Bí Ẹ Ó Ṣe Lò Ó

Ìgò tó ti tán ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wá oògùn ojú wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́níyà. Wọ́n á nà án sí mi, wọ́n á ní, "Àǹtí oníkẹ́míìsì, irú èyí ni kẹ́ ẹ fún wa, òun ló máa ń bá wa ṣe é." Màá yí ìgò náà wò. Tí mo bá ti rí dexamethasone, irú sítẹ́rọ́ìdì kan, lára rẹ̀, màá béèrè ẹni tó yẹ ojú náà wò tó fi ní kí wọ́n lò ó. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò ló sọ ọ́. Àbúrò ìyá ọkọ ni. Ẹni tó ń polówó oògùn nínú bọ́ọ̀sì Ọ̀jọ́ọ̀ ni.

Fámásísì ni mí, oògùn ni mo ń tà, mi ò sì ní sọ pé oògùn yìí ò dáa. Ó dáa gan-an fún ẹni tó yẹ. Àmọ́ oògùn méjì ló wà nínú ìgò kan yẹn, iṣẹ́ wọn ò sì jọra. Àńtíbáyọ́tíìkì ni ọ̀kan, bíi gentamicin, neomycin, tobramycin, ciprofloxacin tàbí chloramphenicol. Òun ló ń pa bakitéríà. Sítẹ́rọ́ìdì ni èkejì, òun ò sì pa kòkòrò kankan. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí ara dẹ́kun ìbínú: ojú ò ní pọ́n mọ́, etí ò ní wú mọ́, yíyún á rọlẹ̀. Bí àrùn lọ, bí kò lọ, ojú lè funfun láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹni tó ni ojú á sì ní oògùn ti jẹ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ju ẹran sí ajá kó má baà gbó mọ́, tí olè ṣì wà nínú ilé.

Torí náà, kí ẹnikẹ́ni tó kán an, ó yẹ kí ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ ti tan iná wo inú ojú tàbí inú etí yẹn. Ohun tó kù tí mo fẹ́ kọ, bí ẹ ó ṣe lò ó lẹ́yìn ìyẹn ni, àti ìgbà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ lò ó rárá.

Ẹ ka páálí rẹ̀ ná

Orúkọ ńlá tó wà níwájú páálí kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ èròjà sí, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Tí orúkọ èròjà kan bá parí sí "sone" tàbí "lone", sítẹ́rọ́ìdì ló wà níbẹ̀: dexamethasone, betamethasone, hydrocortisone, prednisolone, fluorometholone. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn máa ń fi "D" tàbí "Dex" há orúkọ oògùn wọn. Tobradex ní in, Ciprodex ní in, Maxitrol ní in bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tirẹ̀ ò fi hàn. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí pé páálí gentamicin lásán àti páálí gentamicin pẹ̀lú dexamethasone lè jọra débi pé ẹni tó bá ń kánjú á mú ọ̀kan fún èkejì. Bí dókítà bá kọ gentamicin nìkan, ẹ rí i pé òun nìkan ni wọ́n fún yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá ti ojú ni àbí ti etí. "Ophthalmic" túmọ̀ sí ti ojú, "otic" sì ni ti etí. Èyí tí wọ́n bá kọ "Eye/Ear" sí lára wà fún méjèèjì. Wọ́n máa ń ṣe oògùn ojú lọ́nà tí kòkòrò kankan ò fi ní sí nínú rẹ̀, tí kò sì ní ta ojú ju bó ṣe yẹ lọ. Wọn kì í ṣe wàhálà yẹn fún oògùn etí. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè ní kẹ́ ẹ kán oògùn ojú sí etí, wọ́n sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa, àmọ́ tí ẹ bá kán oògùn etí sí ojú, ojú á ta yín bíi pé ẹ fi ata sí i. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ da omi tó mọ́ sí ojú náà lọ́pọ̀lọpọ̀ kíá, kẹ́ ẹ tó wá ronú kan ohun mìíràn. Ìgò tó bá sì ti wọ etí, ẹ má gbé e padà wá sí ojú mọ́.

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ wo bóyá ìdérí rẹ̀ ti ṣí. Ìyẹn ò gba àlàyé.

Ojú tí kò yẹ kó rí i

Àpólò kọ́kọ́. Láti 1969 tó ti jà ní Ghana, lọ́dún tí ọkọ̀ Apollo gbé àwọn ará Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sórí òṣùpá, ló ti ń padà wá sọ́dọ̀ wa lóòrèkóòrè. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, àńtíbáyọ́tíìkì ò sì lè rí i mú. Ẹ fi omi tí ẹ sè tó ti tutù nu ipin kúrò, ẹ máa fọwọ́, kí olúkúlùkù ní táwẹ́lì tirẹ̀, kí ọmọ má lọ sí iléèwé títí tí ojú fi máa mọ́. Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ lé. Wàrà ọmú, ìtọ̀, omi iyọ̀ àti omi ṣúgà tí wọ́n ń dà sí ojú, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyá àgbà lò ó. Àwọn dókítà ojú sì mọ̀ ọ́n, torí àwọn ló ń tọ́jú ojú tó ti bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Èkejì ni ojú tí nǹkan gún. Àgbẹ̀ tí ewé àgbàdo ta ní ojú, ẹni tó ń gé igi tí èèrún rẹ̀ fò sí i lójú, ẹni tó ń fẹ́ pàǹtí ìrẹsì. Ewé àti igi lè gbé fọ́ńgọ́ọ̀sì wọ inú awọ tó mọ́lẹ̀ bíi gíláàsì níwájú ẹyinjú. Tí sítẹ́rọ́ìdì bá bá fọ́ńgọ́ọ̀sì níbẹ̀, ńṣe ló ń là á lọ́nà. Ojú á kọ́kọ́ dákẹ́, ìrora á dín kù, àgbẹ̀ náà á padà sóko, nígbà tó bá sì máa fi délé ìwòsàn, awọ náà ti ń yọ́. Ìfọ́jú tó wá láti ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí awò lè tún ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní herpes, irú èyí tó ń mú kí ètè yọ ilé omi. Nínú ojú, ọgbẹ́ tó ṣe ẹ̀ka bí ẹ̀ka igi ló ń dá sílẹ̀, aláìmọ̀ ò sì lè rí i láìjẹ́ pé wọ́n kán àwọ̀ kan sí i tí wọ́n sì fi iná búlúù wò ó. Ẹni tó ń wo ojú nínú dígí balùwẹ̀ ò lè mọ̀.

Ẹ fi ẹni tó ń lo kọ́ńtàkì lẹ́ńsì kún un, tí ojú rẹ̀ bá pọ́n tó sì ń ro ó. Ẹ fi ọmọ tuntun tí kò tíì pé oṣù kan kún un: ojú rẹ̀ tó bá ń ṣepin, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe kẹ́míìsì, kì í ṣe ọ̀la.

Etí

Ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan jù nìyí. Ní ìparí ihò etí ni ìlù etí wà. Tó bá ti lu, ohun tí ẹ bá kán lè kọjá lọ títí dé etí inú, níbi tí ìgbọ́ràn wà. Gentamicin, neomycin àti framycetin lè pa àwọn fọ́nrán tín-ín-tín tí a fi ń gbọ́ràn, èyí tó bá sì ti kú nínú wọn kì í hù padà. Ciprofloxacin àti ofloxacin ò ní ìṣòro yẹn. Òun ló fà á tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí wọ́n lo irú wọn fún ọmọ tí etí rẹ̀ ti ń ṣọyún fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ń nu etí náà gbẹ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìlù etí ti lu? Ẹ ò lè fojú yín rí i. Àmọ́ ẹ fura tí etí bá ti ń ṣọyún tipẹ́, tí oògùn tí ẹ kán bá ń korò lọ́nà ọ̀fun yín, tí omi bá wọlé tó sì mú òòyì wá, tàbí tí ẹnì kan bá ti gbá yín létí rí tí gbígbọ́ sì yí padà láti ọjọ́ náà. Àbàrá máa ń lu ìlù etí, mo rí i lára àwọn ọmọ iléèwé ju bó ṣe yẹ lọ. Kí dókítà fi iná wo inú etí kó tó yan oògùn.

Etí mìíràn wà tí ó kàn ń yún ṣáá, tí ó dí, tí ohun tó ń jáde níbẹ̀ dà bíi tíṣù tó rẹ sómi, tàbí tó ní àmì dúdú wínníwínní. Fọ́ńgọ́ọ̀sì nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Oògùn alápapọ̀ yìí á mú kó gbèrú sí i. Mo sì ti rí i tí ó jẹ́ pé oògùn náà gan-an ló dá a sílẹ̀, torí wọ́n ń kán an láti oṣù dé oṣù. Ìyẹ́ adìẹ, igi ìṣáná, kọ́kọ́rọ́ ilé, ìdérí báírò: kò sí ohun tí wọn ò tíì fi họ etí níwájú mi.

Tí wọ́n bá ti yẹ etí wò tí wọ́n sì ní kẹ́ ẹ kán an, ẹ kọ́kọ́ nu etí gbẹ, torí oògùn tó bá bọ́ sórí ọyún ò ní dé ibi tó ń lọ. Ẹ yí tíṣù tó mọ́ tàbí aṣọ funfun fẹ́lẹ́ kó ṣóńṣó bí òwú fìtílà, ẹ rọra fi sẹ́nu ihò etí, ẹ jẹ́ kó fa omi, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí i títí èyí tí ẹ yọ á fi jáde ní gbígbẹ. Ẹ má ki igi onítòwú bọ̀ ọ́.

Ẹ di ìgò náà mọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Oògùn tútù nínú etí máa ń fa òòyì, àgbàlagbà sì lè ṣubú. Ẹ má gbé e sórí iná, ẹ má sì gbé e sínú omi gbígbóná. Tó bá jẹ́ èyí tó ń silẹ̀ ní ìdí ìgò, ẹ mì í dáadáa. Ẹni tí ẹ fẹ́ kán fún á fi ẹ̀gbẹ́ sùn, etí tó ń dùn á wà lókè. Fún àgbàlagbà, ẹ fa ewé etí sókè àti sẹ́yìn. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ fà á sísàlẹ̀ àti sẹ́yìn. Ẹ kán iye tí wọ́n kọ; fún àpẹẹrẹ, ciprofloxacin pẹ̀lú dexamethasone jẹ́ ẹ̀kán 4 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 7. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tẹ ẹran kékeré tó wà lẹ́nu ihò etí, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, oògùn á wọlé. Kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọdé ò ní gbà, mo mọ̀. Ẹ fún un ní fóònù kó máa wo eré lórí rẹ̀. Ẹ má fi òwú dí etí pa lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́ nígbà ìwẹ̀.

Ojú

Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ yọ lẹ́ńsì bó bá wà níbẹ̀. Ẹ nu ipin. Ẹ gbé orí sẹ́yìn, ẹ wo òkè, ẹ fi ìka kan fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ kó ṣe bí àpò. Ẹ kán ẹ̀kán kan sínú àpò yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnu ìgò kan ojú tàbí irun ìpéǹpéjú.

Ẹ̀kán kan ni mo wí. Ẹ̀kán kan láti inú ìgò ti pọ̀ ju ohun tí ojú lè gbà lọ, ìyókù á ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí kó gba ihò omijé wọ imú lọ sí ọ̀fun. Ẹni tó ń kán mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ń fi owó rẹ̀ wẹ ojú ni. Ẹ pa ojú dé jẹ́ẹ́jẹ́ láìfún un pọ̀, ẹ fi ìka tẹ igun ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ìyẹn ló ń dá oògùn dúró sínú ojú, òun náà ni kò ní jẹ́ kí ẹ tọ́ ọ wò lẹ́nu. Tí oògùn ojú mìíràn bá wà, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó kán an. Ìpara ojú ló ń gbẹ̀yìn. Ojú lè ṣú díẹ̀. Ẹ má gun ọ̀kadà tàbí wakọ̀ títí tó fi mọ́ padà.

Tí ẹ̀kán bá ń bọ́ síta ṣáá, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ di ojú, ẹ kán an sí igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, kẹ́ ẹ wá là á. Mo ń kọ́ àwọn arúgbó tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ó yẹ kẹ́ ẹ dúró

Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ọ̀pọ̀ ìwé oògùn tí mo ń rí ń kọ. Èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń jẹ́ ti ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Fún un, dókítà lè kọ ọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dá oògùn dúró lójijì nítorí pé ojú ti dára. Wíwú tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lè ba iṣẹ́ abẹ jẹ́.

Fún ìyókù wa, ohun tí mò ń bẹ̀rù ni ìfúnpá inú ojú. Ó yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀ o. Láàárín 10 sí 21 ni ó sábà máa ń wà nígbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n. Tí èèyàn mẹ́ta bá ń kán sítẹ́rọ́ìdì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ti bí ẹnì kan nínú wọn á lọ sókè díẹ̀. Nínú ogún èèyàn, bí ẹnì kan á wà tí tirẹ̀ á lọ sókè gan-an. Kò ní dun ẹni yẹn. Ojú rẹ̀ á funfun, á máa rẹwà, inú rẹ̀ á máa dùn sí oògùn rẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ìríran rẹ̀ á máa kú lọ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi máa fẹsẹ̀ kọ àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Glaucoma nìyẹn, ohun tó sì ti kú nínú rẹ̀ ò ṣeé jí. Nínú ìwádìí ìfọ́jú tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, cataract, ìyẹn kí lẹ́ńsì inú ẹyinjú ṣú, ló ṣáájú nínú ohun tó ń fọ́jú àwọn àgbàlagbà, glaucoma ló tẹ̀ lé e. Sítẹ́rọ́ìdì tí a lò pẹ́ lè fa méjèèjì. Bí bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ní glaucoma, ẹ sọ fún ẹni tó ń kọ oògùn ojú fún yín, kódà bí kò béèrè.

Neomycin náà ní tirẹ̀. Tí awọ ìpéǹpéjú tàbí ewé etí bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tó ń yún, tó ń bó lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, oògùn náà ni ara ń kọ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi èyí tó pọ̀ sí i kún un. Ẹ dá a dúró, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́.

Bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta bá kọjá tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ padà lọ. Ẹ má dúró rárá tí ìríran bá ń lọ, tí ìmọ́lẹ̀ bá ń gún ojú, tí ojú bá ń ro yín gan-an, tàbí tí àmì funfun bá yọ lórí dúdú ojú. Ní ti etí, ẹ sáré lọ tí ẹ̀yìn etí bá wú tó sì ń ti etí síwájú, tí ẹ̀gbẹ́ ojú kan bá wọ́, tí ibà àti òòyì bá dé. Tí àgbàlagbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà bá ń sọ pé etí ò jẹ́ kí òun sùn lóru, ẹ má sọ pé ọjọ́ orí ni. Bakitéríà lè ti dé egungun.

Ìgò tó ti ṣí

Ẹ fi báírò kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 28, ẹ dà á nù, bó ti wù kó kù tó. Mo mọ̀ pé owó ń jẹ́ owó. Àmọ́ kòkòrò lè ti wọ inú rẹ̀. Ẹ ka páálí kẹ́ ẹ tó tọ́jú rẹ̀: chloramphenicol sábà máa ń fẹ́ fíríìjì, àwọn mìíràn ò fẹ́ ẹ. Ẹ má fi í sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lò lára rẹ̀, àní ọmọ yín.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo fẹ́ fi kún un, torí àwọn ìyá ló ń wá sọ́dọ̀ mi jù. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ń yún láti ọdún dé ọdún, tí funfun ojú rẹ̀ ti ń ṣú, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ojú ṣáá, àléjì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Oògùn àléjì tí kò ní sítẹ́rọ́ìdì wà fún un, ó sì ṣeé lò pẹ́. Tó bá ti pẹ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń kán oògùn alápapọ̀ yìí, ẹ kó gbogbo ìgò tó wà nílé sínú ọ̀rá, títí kan èyí tí ẹ rà nínú bọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ gbé òun àti ọ̀rá náà lọ sí kíníìkì ojú. Ẹ sọ fún wọn bó ṣe pẹ́ tó. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ojú rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n sì wo ẹ̀yìn ojú.